Ta Ló Jẹ̀bi Ẹ̀yìn Tó Wọ́?

Ní ọjọ́ kan, ní ìlà àwọn alátà ní ọjà Mile 12, obìnrin kan sọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ kí ó lè sanwó ata. Ẹ̀yìn ọmọ náà wọ́. Bí wọ́n ṣe kúrò níbẹ̀ ni ẹnì kan sọ pé, "Á ti rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tó lóyún ni." Ẹlòmíràn ní kò fi píìnì sí aṣọ rẹ̀. Èmi náà mi orí. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan kò ti jẹ́ kí n sinmi: bí a bá bí ọmọ pẹ̀lú àbùkù ara, ta ló yẹ ká dá lẹ́bi?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń di ẹ̀yìn. Bí ìrèké ṣe ní oríkèé, bẹ́ẹ̀ ni eegun ẹ̀yìn ẹja, adìyẹ, ejò àti ènìyàn ṣe ní oríkèé. Nínú ọlẹ̀, gbogbo rẹ̀ kì í yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Awẹ́ méjì-méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ló ń yọ láti apá orí lọ sí ìdí. Ní 1997, Isabel Palmeirim, Olivier Pourquié àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Marseille, ilẹ̀ Faransé, ṣàkíyèsí ọlẹ̀ adìyẹ, wọ́n sì rí i pé bí aago ni nǹkan náà ń ṣe. Jíìnì kan nínú sẹ́ẹ̀lì ń tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn, bí iná mànàmáná àdúgbò wa, àmọ́ èyí kì í yẹ àkókò. Ohun tí jíìnì bẹ́ẹ̀ bá mú jáde ló ń padà wá pa á. Bí ohun náà bá ti pòórá, jíìnì á tún tàn. Ìṣẹ́jú 90 ni ti adìyẹ, ti ènìyàn tó bíi wákàtí 5. Bí aago yìí bá ṣe àṣìṣe, oríkèé kan lè yọ ní ìlàjì, méjì lè lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀yìn á sì wọ́.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún lẹ́yìn tí oyún dúró ni gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ nígbà náà pé àwọn lóyún. Ta ni yóò fi píìnì sí aṣọ nítorí oyún tí kò tíì mọ̀ pé òun ní? Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn tó wọ́ ló ti inú oyún wá. Ikọ́ ife náà lè ba eegun ẹ̀yìn jẹ́. Kò sí ẹni tó béèrè èyí ní ọjà lọ́jọ́ náà.

Àwọn baba wa ní Ọbàtálá ló ń mọ ara ènìyàn. Wọ́n pe abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, wọn kì í sì í fẹ́ kí a fi wọ́n ṣẹ̀sín. Láti ọ̀dọ̀ àwọn baba kan náà la ti gbọ́ ọ̀rọ̀ oòrùn ọ̀sán. Nínú ohun méjèèjì tí a jogún, èyí tí a lè fi na obìnrin la mú lò.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Bí a kò bá dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ta ni yóò ṣọ́ra?" Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ní 2012, Duncan Sparrow, Sally Dunwoodie àti ẹgbẹ́ wọn ní Sydney, ilẹ̀ Ọsirélíà, dín ọ́síjìn kù fún eku tó lóyún fún wákàtí díẹ̀. Àwọn ọlẹ̀ tí wọ́n ti ní àbùkù nínú ẹ̀dà kan lára jíìnì wọn ni eegun ẹ̀yìn wọn bàjẹ́ jù. Eku kì í ṣe ènìyàn, ṣùgbọ́n ó hàn pé afẹ́fẹ́ tí ìyá ń mí sínú lè kan ọ̀rọ̀ yìí. Èéfín jẹnẹrétọ̀ náà a máa dín ọ́síjìn kù nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó ń gba ojú fèrèsé wọlé lóru ní Kétu àti Ìkòsí, ṣé aboyún nìkan ló tan án?

Ibi tí mo dé nìyí: ọ̀tọ̀ ni ẹ̀bi, ọ̀tọ̀ ni ojúṣe. Ẹ̀bi ń wo ẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tí yóò jìyà. Ojúṣe ń béèrè ohun tó kù tí a lè ṣe: kí a gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé aládùúgbò, kí a fi ọ̀nà ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì han ìyá ọmọ, kí a sì pa ẹnu mọ́ níbi tí a kò ti mọ nǹkan kan.

Mo ti padà sí ìlà alátà yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, n kò tíì rí obìnrin náà. Bí mo bá rí i, n kò ní béèrè ohun tó ṣe. Màá bá a gbé ọmọ náà pọ̀n.