Ìṣẹ́jú Méjìdínlógún Ààbọ̀ Tó Sọnù

Ẹni tó bá ti jókòó rí láti gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú ohùn tí ariwo bò mọ́lẹ̀ mọ bí iṣẹ́ náà ti ń tánni ní sùúrù tó. Èèyàn á gbọ́ gbólóhùn kan, á dá a padà, á tún un gbọ́, síbẹ̀ kò ní dá a lójú pé ohun tí òun gbọ́ ni wọ́n sọ. Ní ayé ìsinsìnyí, kọ̀ǹpútà ti dín ìyà náà kù. Èèyàn á tẹ bọ́tìnì, ariwo á lọ. Níbi tí iṣẹ́ bá ti rọrùn báyìí ni ewu ti ń wọlé, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká gbọ́ ìtàn téèpù kan tó da ilé Ààrẹ Amẹ́ríkà rú ní ọdún 1973.

Richard Nixon ló wà lórí àlééfà nígbà náà. Ní oṣù kejì ọdún 1971, àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ bá a ri máíkì márùn-ún mọ́ inú tábìlì ìkọ̀wé rẹ̀ ní ọ́fíìsì, wọ́n sì fi méjì sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná tó ń mú yàrá náà gbóná. Àwọn tó ń wọlé tọ̀ ọ́ kò mọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣe irú rẹ̀ sí ọ́fíìsì rẹ̀ kejì, nínú ilé kan nítòsí tí wọ́n ń pè ní Executive Office Building. Kò sí ẹni tó ń tan ẹ̀rọ tó ń gba ohùn náà sílẹ̀. Bó bá ti gbọ́ ìró ni téèpù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nígbà tí wọ́n fi máa pa á ní oṣù keje ọdún 1973, ohun tó ti gbà sílẹ̀ tó bíi wákàtí 3,700.

Ṣùgbọ́n ohùn tó gbà kò dára. Wọn kò fẹ́ kí téèpù máa tètè tán, nítorí náà wọ́n lo èyí tó fẹ́lẹ́ gan-an, wọ́n sì jẹ́ kó máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí kò tó íǹṣì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí téèpù bá ṣe lọra tó ni ohùn inú rẹ̀ ṣe ń di wúyẹ́wúyẹ́ tó. Inú tábìlì tí máíkì wà tún dá kún un, torí gbogbo ohun tó bá kan tábìlì ló ń dún ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ: ife kọfí tí wọ́n gbé kalẹ̀, ìwé tí wọ́n ṣí, ẹsẹ̀ tí Ààrẹ gbé lé e. Ọ́fíìsì kejì yìí wà lára àwọn ibi tí ohùn rẹ̀ burú jù.

Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, ọdún 1972, ọwọ́ tẹ àwọn ọkùnrin kan tó fọ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò ní ilé Watergate, ní Washington. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Nixon àti H. R. Haldeman, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, jókòó sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì kejì náà. Ìwé tí Haldeman fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lọ́jọ́ náà fi hàn pé wọ́n mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ Watergate. Téèpù ń yí. Nígbà tí àṣírí téèpù wá tú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn agbẹjọ́rò tó ń wádìí ọ̀ràn náà ní kí Ààrẹ kó mẹ́sàn-án wá fún ilé ẹjọ́. Ti ọjọ́ 20, oṣù kẹfà wà lára wọn.

Rose Mary Woods, akọ̀wé tó ti ń bá Nixon ṣiṣẹ́ láti ọdún 1951, ni wọ́n gbé téèpù fún pé kó gbọ́ ọ, kó sì tẹ ohun tó bá gbọ́ sórí ìwé. Níparí oṣù kẹsàn-án ọdún 1973, ó gbé iṣẹ́ náà lọ sí Camp David, ibi ìsinmi Ààrẹ. Ariwo pọ̀, ẹ̀rọ tó ń lò kò sì rọrùn fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó padà sí Washington ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, wọ́n gbé ẹ̀rọ mìíràn fún un, Uher 5000, tí èèyàn lè máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọwọ́ lè ráàyè tẹ̀wé. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n pète, ṣùgbọ́n ohun méjì kò dára níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde yìí lè gba ohùn sílẹ̀ pẹ̀lú. Èkejì ló burú jù: ojúlówó téèpù, ọ̀kan ṣoṣo tó wà láyé, ni wọ́n gbé sórí rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá, wọ́n bi Woods léèrè níwájú Adájọ́ John Sirica pé ìṣọ́ra wo ló ṣe kó má baà pa nǹkan rẹ́. Èsì rẹ̀ ni pé orí òun lòun lò. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn agbẹjọ́rò Ààrẹ fi wá sọ fún adájọ́ pé ibì kan wà nínú téèpù ọjọ́ 20, oṣù kẹfà tí a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ààbọ̀ ni. Ìró kan tó ń kùn yùn-ùn ló gba ibẹ̀.

Woods padà sílé ẹjọ́, ó ní ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ òun wà nínú rẹ̀. Ó ní tẹlifóònù ló dún, òun nawọ́ sí i, dípò bọ́tìnì tó ń dá ẹ̀rọ dúró, èyí tó ń gba ohùn sílẹ̀ lòun tẹ̀, ẹsẹ̀ òun kò sì kúrò lórí ohun tí òun ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Wọ́n ní kó ṣe bó ṣe rí ní ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀: ọwọ́ kan nà dé tẹlifóònù lẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan sì nà síwájú lórí ohun tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó rí fọ́tò náà kò gbà pé ènìyàn lè wà báyẹn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, áḿbọ̀sìbọ́sí méjìdínlógún.

Adájọ́ Sirica gbé téèpù náà fún ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà tí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí. Àgbà ni wọ́n nínú ìmọ̀ ohùn. Ọ̀kan nínú wọn, Thomas Stockham, ni ó fi kọ̀ǹpútà fọ ohùn Enrico Caruso, olórin ìlú Ítálì, mọ́ nínú àwọn àwo orin àtijọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wà láyé nígbà náà tó lè yọ ọ̀rọ̀ jáde lábẹ́ ariwo, òun ni. Wọ́n fi omi tó ní ègé irin wínníwínní nínú ra téèpù náà, kí àpá tí ẹ̀rọ fi sára rẹ̀ lè hàn sí ojú. Wọ́n jábọ̀ ní oṣù kárùn-ún ọdún 1974. Wọ́n ní ọwọ́ ènìyàn ló tẹ bọ́tìnì, ó kéré tán nígbà márùn-ún, ó sì ṣeé ṣe kó tó mẹ́sàn-án. Ó jọ pé Uher 5000 gan-an ni wọ́n lò. Ìró tó ń kùn náà, iná mànàmáná ló fà á. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì ṣeé gbà padà.

Ìdí rẹ̀ kò le láti yé èèyàn. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gba ohùn sórí téèpù, ó kọ́kọ́ ń nu ohun tó wà níbẹ̀ dànù kó tó kọ tuntun. Bí kò bá sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, híhùn iná nìkan ló máa kọ síbẹ̀. Kì í ṣe pé ariwo bo ọ̀rọ̀ Nixon mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 2001, Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba Amẹ́ríkà rò pé ọgbọ́n tuntun lè ṣe é. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ojúlówó. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ sórí téèpù ìdánwò, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n ní kí àwọn onímọ̀ gbà á padà. Kò sí ẹni tó rí i ṣe. Ní oṣù kárùn-ún ọdún 2003, wọ́n jáwọ́. Aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Téèpù mìíràn, ti ọjọ́ 23, oṣù kẹfà, ọdún 1972, ló padà lé Nixon kúrò lórí oyè ní oṣù kẹjọ ọdún 1974. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí àwọn ará ìlú ti gbọ́ nípa ìṣẹ́jú méjìdínlógún ààbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn kò ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́. Títí dòní, a kò mọ ẹni tó pa á rẹ́, a kò sì mọ̀ bóyá àṣìṣe ni tàbí ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹni tó ṣe é láìmọ̀ àti ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ẹjọ́ kan náà ni aráyé ń dá fún wọn bí ojúlówó bá ti bàjẹ́. Ká ní wọ́n ti ṣe ẹ̀dà kan ṣoṣo kí Woods tó jókòó, ẹ̀dà nìkan ni ìbá bàjẹ́.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jókòó síbi tí Woods jókòó sí, láìmọ̀. Ọmọ tó gba ìtàn ìdílé lẹ́nu ìyá àgbà sórí fóònù nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìnkùlé, oníròyìn tó fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò ní ìdíkọ̀, ẹni tó ń ṣe fíìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì: gbogbo wọn ló máa gbé ohùn wọn sórí kọ̀ǹpútà láti fọ ariwo kúrò. Audacity, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ti wà láti ọdún 2000 tí kò sì gba owó, ni ọ̀pọ̀ ń lò. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: èèyàn á fi ibi tí ariwo nìkan ti ń dún hàn án, ètò náà á kọ́ bó ṣe rí, á pín gbogbo ohùn náà sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ọ̀wọ́ tí kò bá dún ju ariwo tó kọ́ lọ, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kò mọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ariwo. Ohun tó dún ju èkejì lọ nìkan ló mọ̀. Ariwo sì ti wọnú ọ̀rọ̀ bí iyọ̀ ti ń yọ́ sínú ọbẹ̀, èèyàn kò lè bu ọ̀kan kúrò kí èkejì má tẹ̀ lé e.

Ibi tí fífọ ariwo ti ń pa èdè Yorùbá lára jù nìyí. Ìró s, ṣ, f àti h kò ní ohùn ọ̀fun nínú, èémí lásán ni, ìró fáànù sì jọ èémí. Bí ẹ̀rọ bá gé fáànù kúrò jù, olùgbọ́ kò ní mọ̀ bóyá ẹni náà sá ni, bóyá ó ṣá nǹkan ni, tàbí ó fá nǹkan. Òpin gbólóhùn náà wà nínú ewu, níbi tí ohùn ìsàlẹ̀ ti máa ń rẹlẹ̀ jù, torí ohun tó bá rẹlẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kà sí ariwo. Iná mànàmáná wa ń gbọ̀n ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá, híhùn rẹ̀ sì tún ń jáde ní 100 àti 150. Ibẹ̀ gan-an ni ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin wà. Ẹni tó bá fi agídí gé híhùn iná ti gé lára ohùn bàbá tó ń sọ̀rọ̀. Ohùn tó bá sì wá ń dún bí ẹni tó wà lábẹ́ omi, wọ́n ti fọ̀ ọ́ kọjá ààlà.

Àwọn ètò tuntun tó ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá tún ní ewu tiwọn. Àwọn kan nínú wọn kì í kàn yọ ariwo, wọ́n ń ṣẹ̀dá ohùn tuntun dípò èyí tí kò já geere. Ó lè mọ́ tónítóní, kó sì jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Fún ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ ogún pípín tàbí ìtàn orílẹ̀, ohùn tó mọ́ tí kì í ṣe òótọ́ burú ju ohùn tó dọ̀tí lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ gba ìmọ̀ràn. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ẹ sún mọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu, kí ẹ̀rọ lè rí ibi tí yóò ti kọ́ bí ariwo ṣe rí. Bí ẹ bá délé, ẹ kó ojúlówó sí ibi méjì kí ẹ tó ṣí Audacity, bí ẹ bá sì ń fi iṣẹ́ pamọ́, ẹ fún un ní orúkọ mìíràn. Ẹ yọ ariwo díẹ̀díẹ̀. Audacity ní ibì kan tí wọ́n kọ Residue sí, èyí tó ń jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ó fẹ́ yọ dànù. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ẹ ti ń yọ jù. Bí ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ fi etí kan sí ojúlówó, nítorí ohun tí ẹ kò gbọ́ lónìí, ẹlòmíràn tó ní ẹ̀rọ tó dára jù lè gbọ́ ọ lọ́la. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní oṣù keje ọdún 1974, nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà gbọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ nínú àwọn téèpù Nixon tó kù, àwọn ọ̀rọ̀ tí ìwé tí Ilé Ààrẹ tẹ̀ jáde ti sọ pé kò ṣeé gbọ́.

Ariwo tó bá wà nínú ojúlówó ṣì ní oògùn lọ́jọ́ iwájú. Ohun tí a bá pa rẹ́ kò ní. Ẹ̀dà ni kí ẹ máa fọ̀. Ẹ fi ojúlówó sílẹ̀ bó ṣe wà.