IGI KÌ Í RỌ́PÒ ỌMỌ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ni fún Allah tí Ó ń fi ọmọ ta ẹni tí Ó bá fẹ́ lọ́rẹ, tí Ó sì ń gba tiRẹ̀ padà nígbà tí Ó bá fẹ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, wáàsí wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ère onígi tí àwọn ẹ̀yà Ewe ń gbẹ́. Gúúsù Togo àti ìlà-oòrùn gúúsù Ghana, lẹ́bàá Odò Volta, ni àwọn Ewe wà. Àwa tí òwò aṣọ ń gbé dé Lómé mọ̀ wọ́n dáadáa. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé Kétu ni àwọn baba wọn ti gbéra kí wọ́n tó dé Notsé. Ìlú Yorùbá ni Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Nítorí náà, ẹ má ṣe kà á sí ọ̀rọ̀ àjèjì.

Èyí tí ó kàn wá jù nínú àwọn ère wọn ni venavi, ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí á ra ère kékeré kan, akọ fún akọ, abo fún abo. Wọn á máa wẹ̀ ẹ́, wọn á wọṣọ fún un, wọn á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ṣe fún èyí tí ó wà láàyè, wọn á ṣe é fún igi náà, kí inú òkú má baà bàjẹ́, kí ó má baà ṣe ìkejì rẹ̀ ní ibi. Wọ́n tún ń gbẹ́ ère fún aklama, ẹ̀mí tí wọ́n gbà pé ó ń ṣọ́ olúkúlùkù, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba ńlá wa ti ń bọ orí. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n mọ̀ pé Ẹlẹ́dàá wà. Mawu ni wọ́n ń pè É.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nínú Súrátùl An'ām, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti bú ohun tí ẹlòmíràn ń sìn. Ta ni yóò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín ta ni? Ère ìbejì wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí agbẹ́gilére gbẹ́ tírà sí lọ́rùn, àmì pé ọ̀ràn náà ti wọ ilé Mùsùlùmí. Nígbà tí àwọn kan fi igi sílẹ̀, ọmọlángidi oníke ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn mìíràn lo fọ́tò.

Ibo wá ni àṣìṣe wà? Kò sí nínú ẹkún. Nígbà tí Ibrahim, ọmọ Ànábì wa, kú ní ọmọ ọmú ní ọdún 10 lẹ́yìn Hijira, omi bọ́ lójú Ànábì. Oòrùn ṣókùnkùn lọ́jọ́ náà, àwọn ènìyàn sì ní nítorí ọmọ náà ni. Ànábì kọ̀, ó ní oòrùn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò gbà kí á so ọmọ òun mọ́ oòrùn, ṣé yóò gbà kí á so ọmọ tiwa mọ́ igi?

Ibi tí ìrántí ti di ìbẹ̀rù ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Súrátù Nūh dárúkọ Wadd, Suwā', Yaghūth, Ya'ūq àti Nasr. Nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá, Ibn Abbās ṣàlàyé pé ẹni rere ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n kú, àwọn ènìyàn wọn gbé ère kalẹ̀ fún ìrántí wọn. Àwọn tí ó gbé e kalẹ̀ kò sìn ín. Ìran tí ó tẹ̀lé wọn, tí ìmọ̀ ti lọ lọ́wọ́ wọn, ni ó sìn ín.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an ní ìdálẹ̀ tí a wà yìí. Bí obìnrin kan bá pàdánù Táyé, tí ara Kẹ́hìndé wá ń gbóná, iṣẹ́ lè ti ilé dé pé kí ó lọ ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí, ẹ̀rù sì ń bà á. Bí àwa kò bá tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìtùnú, ère ni yóò ṣáájú wa débẹ̀. Ẹ sọ fún un pé òkú kọ́ ni ó ń pe ọmọ rẹ̀. Ìbejì sábà máa ń kéré nígbà tí a bá bí wọn, oṣù wọn sì lè má pé. Ìdí nìyẹn tí àìsàn fi ń tètè mú wọn. Ẹ bá a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Èyí tí ó lọ, kí á kírun sí i lára, kí á sin ín, kí á ṣe àdúà fún àwọn òbí rẹ̀. Oúnjẹ tí à bá gbé síwájú igi, ẹ gbé e fún ọmọ òrukàn ní sàráà. Tirmidhi gbà á wá pé òbí tí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun nígbà tí ọmọ rẹ̀ kú, a ó kọ́ ilé kan fún un ní Àlùjánnà, Ilé Ọpẹ́ ni orúkọ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun dá àwọn ọmọ wa sí, kí Ó sì fi àwọn tí ó ti lọ ṣe aṣáájú rere fún wa. Àmín. Wassalāmu alaykum.