Ta Ló Gba Ipò Kìíní?

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo gba ipò kìíní nínú ìdíje ewì ẹgbẹ́ wa, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá kan náà, tí òun gba ipò kejì, bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "O kú oríire o. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ẹ ló gba ipò kìíní yẹn." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, inú mi ò dùn rárá.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà ni mo dàgbà sí. Mo ti gbọ́ oríkì àti ẹkún ìyàwó lẹ́nu wọn kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ìdánwò ní yunifásítì. Kàdúná ni wọ́n ti bí ọ̀rẹ́ mi. Haúsá ló ń sọ níta, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ nílé, inú ìwé ló ti ń ṣa Yorùbá jọ bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ṣé ojú ìlà kan náà la ti jọ gbéra?

Òun kan náà ló fi motocross hàn mí, ìyẹn eré alùpùpù orí iyẹ̀pẹ̀ àti ẹrẹ̀. Tí iná bá ti dé báyìí, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í han nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, ariwo lásán ni mo kà á sí. Àfìgbà tí mo fara balẹ̀ wò ó: ogójì alùpùpù gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn forí lé kọ́nà kan ṣoṣo, erùpẹ̀ bo ojú ẹni tó wà lẹ́yìn. Wọ́n fò lórí òkìtì, wọ́n balẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ jókòó dẹ̀ǹgbẹ̀rẹ̀ bíi ti ọlọ́kadà wa. Ìdúró ni wọ́n ń fi púpọ̀ nínú ẹ̀ gùn.

Ẹ́ńjìnì oríṣi méjì ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa méjèèjì. Two-stroke dà bí jẹnẹrétọ̀ kékeré tá à ń pè ní "I better pass my neighbour," tá à ń da ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan ló ń tanná. Four-stroke gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mejì kó tó tanná lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, níbi tí òfin eré ní Amẹ́ríkà ti ní kí two-stroke má kọjá 250cc, ó gba four-stroke láyè láti tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Two-stroke fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ja ẹni lójijì ni: o fún un lépo, kò dáhùn, o fi díẹ̀ kún un, ó fẹ́ gbé ẹ sọnù. Agbára four-stroke ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, táyà ẹ̀yìn sì ń di ilẹ̀ mú dáadáa.

Lọ́dún 1997, ní Las Vegas, Doug Henry gun Yamaha kan tí wọ́n pè ní YZM400F, ó sì borí. Four-stroke kankan ò tíì gba ipò kìíní nínú supercross Amẹ́ríkà rí. Ọkùnrin yìí náà ni egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ ní pápá Budds Creek lọ́dún 1995. Mo yọ̀ fún un. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ṣé o mọ̀ pé alùpùpù yẹn ò sí lọ́jà? Kò sí bí ẹlòmíì ṣe lè rà á. 400 ń bá 250 sáré, o wá ń pàtẹ́wọ́!"

Mo ní òfin gbà á láyè. Ó ní òun ò sọ pé olè ni.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe bọ́ sí mi lára.

Mo wá èsì lọ, mo sì rò pé mo rí i. Lọ́dún 1998, Yamaha kó YZ400F sọ́jà, ẹni tó lówó lè rà á. Henry fi gba ife ẹ̀yẹ ìdíje 250 ti ìta gbangba lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n láti 1999 dé 2003, ọdún márùn-ún gbáko, two-stroke ló ń gba ife náà, bẹ́ẹ̀ four-stroke wà lọ́jà! Ricky Carmichael wá ńkọ́? Lọ́dún 2002, ó gun Honda two-stroke, eré mẹ́rìnlélógún ni wọ́n sá, gbogbo rẹ̀ ló borí. Lọ́dún 2004, ó gun Honda four-stroke 450, ó tún borí gbogbo mẹ́rìnlélógún. Mo ní, "Ṣé o rí i? Ènìyàn ni, kì í ṣe irin."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Carmichael gun méjèèjì. Ìwọ ńkọ́, o ti gun tèmi rí?"

Mi ò rí nǹkan sọ. N kò rò pé ó yẹ kí n dá ẹ̀bùn náà padà. Ewì yẹn, èmi ni mo kọ ọ́, oorun mi ni mo fi dí i. Mi ò sì gbà pé ẹni tó bá ní ìyá àgbà ti ṣẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé nígbà tí wọ́n pè mí síwájú, mo sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀dọ̀ ara mi ni gbogbo ẹ̀ ti wá. Mi ò dárúkọ màmá. Mo fi alùpùpù pa mọ́, mo ní ẹsẹ̀ ni mo fi sáré. Las Vegas ọdún 1997 ni mo wà, mo sì ń ṣe bíi pé 1998 ni.

Ní Sunday tó kọjá, mo pe ìyá àgbà lórí fóònù, mo sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ gbọ́ ẹkún ìyàwó. Wọ́n bi í pé ọmọ ta ni, ará ibo ni bàbá rẹ̀. Ọ̀fà ni. Kí ló tún kù? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, wọn ò dá ohùn dúró títí káàdì mi fi fẹ́ tán. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò tètè rí àmì ohùn fi sí i.

Nígbà tí ìpè já, ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó wò mí. Ó ní, "Ìdíje ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ọjọ́ wo ni?"