Ta Ni Kí Ó Dìbò Lórí Ilẹ̀?



Bí ìjọba méjì bá ń du ilẹ̀ kan, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ni pé kí a bi àwọn tí ń gbé ibẹ̀ léèrè, kí ti ẹni tí ó pọ̀ jù sì ṣẹ. Èmi náà fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí a tó ka ìbò rárá, ẹnì kan ti ní láti sọ ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dì í, àti ibi tí ààlà ilẹ̀ náà mọ.

Ẹ wo ilẹ̀ Kamẹrúùnù tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kejì ọdún 1961, wọ́n dìbò níbẹ̀ lábẹ́ ojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé: ṣé Nàìjíríà ni wọn yóò bá lọ, tàbí Kamẹrúùnù tí ó ti wà lábẹ́ Faransé? Kò sí ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n dá dúró kò rí àpótí tirẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ka ti Àríwá, ọ̀tọ̀ ni ti Gúúsù. Ní Àríwá, ènìyàn 146,296 fẹ́ Nàìjíríà, 97,659 fẹ́ Kamẹrúùnù. Ní Gúúsù, 233,571 fẹ́ Kamẹrúùnù, 97,741 fẹ́ Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín in.

Ẹ wá pa méjèèjì pọ̀: 331,230 fún Kamẹrúùnù, 244,037 fún Nàìjíríà. Ká ní àpapọ̀ ni wọ́n kà, Mubi àti òkè Mambilla ì bá wà ní Kamẹrúùnù lónìí. Àwọn olùdìbò kò yí padà o. Ààlà tí a fà sáàárín wọn ni ó dá ẹjọ́. N kò sọ pé ó burú, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣàkóso wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tipẹ́tipẹ́.

Èyí tí ó kàn wá jù ni ti àlejò. Ní Àríwá, ẹni tí ó ti ju ọmọ ọdún 21 lọ tí ó sì ń gbé ibẹ̀ lè dìbò, àti obìnrin pẹ̀lú, tí wọn kò fún láyè nínú ìbò ti 1959. Ní Gúúsù, ẹni tí a bí síbẹ̀, tàbí tí a bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ síbẹ̀, nìkan ni. Àwọn Ìgbò tí wọ́n wá ṣòwò tí wọ́n sì ti pẹ́ níbẹ̀ kàn ń wòran ni.

Ká ní èmi ni, inú ì bá bí mi. Mo ti san owó orí, mo ti kọ́lé, ìgbà tí ó kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo wá di àjèjì? Síbẹ̀, mo gbọ́ ti onílẹ̀ náà yé. Bí ọ̀ràn bá le, èmi lè di ẹrù mi kí n padà sílé. Òun kò ní ibòmíràn tí yóò lọ. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ni pé kí a má fi ọ̀pọ̀ àlejò gba ilẹ̀ baba òun lọ́wọ́ òun.

Mo gbà pé kí ìbò irú èyí jẹ́ ti ọmọ ilẹ̀ àti ti àlejò tí ó ti pẹ́ débi pé kò tún ní ilé mìíràn. Iye ọdún tí a ó fi mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni a ó ti jà. Ẹni tí a kò sì jẹ́ kí ó dìbò, kí a má fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé rẹ̀ san gbèsè ìbò tí kò dì.