Òkété Ẹ̀yìnkùlé: Ibo Ni Ẹ̀tọ́ Onílé Dé?

Onílé kì í pẹ́ mọ̀ bí òkété bá ti fi ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ṣe ibùgbé. Yẹ̀pẹ̀ tútù á máa rú jáde lẹ́bàá ògiri, ekùrọ́ tí wọ́n sá á máa dín, gbágùúdá tó dúró ṣinṣin lókè á ti di jíjẹ nísàlẹ̀. Òru ló ń jẹ̀. Á kó oúnjẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, á lọ tò ó jọ sínú ihò tó ní ju ẹnu kan lọ. Bí wọ́n bá dí ọ̀kan, á gba òmíràn jáde.

Pé onílé lè gbèjà ilé àti oúnjẹ rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo ọ̀nà ló tọ́ láti fi pa ohun tó ń dani láàmú?

Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá sọ pé eku wà lára ẹ̀dá márùn-ún tí ènìyàn lè pa, kódà bí ẹni náà bá wà nínú ìhúrámù, ipò ọ̀wọ̀ ìrìn-àjò hájì. Àwọn méjèèjì yìí kan náà ló gba ìtàn ànábì kan wá tí eèrà kan ta, tó sì ní kí wọ́n dáná sun gbogbo ilé eèrà. Ọlọ́run bá a wí pé nítorí ẹyọ kan, ó run odindi ìjọ tó ń ṣe àfọ̀mọ́ Rẹ̀. Muslim tún gbà á wá pé ẹni tó bá fẹ́ dúńbú ẹran, kó pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀, kó má jẹ́ kí ẹran jìyà. Àyè wà láti pa. Àyè kò sí láti dá ẹ̀dá lóró, tàbí láti pa aláìṣẹ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ìṣẹ̀ṣe kò jìnnà sí èyí. Eku wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ Ifá, ohun tí wọ́n sì ń gbé síwájú òrìṣà kì í ṣe ìdọ̀tí. Àwọn àgbà tó ń dẹ tàkúté fún òkété náà ló ń fi í kọ́ ọmọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Òkété sì ń wúlò fún ènìyàn pẹ̀lú. Ní Tanzania, àjọ APOPO ń kọ́ àwọn ìbátan òkété wa láti gbóòórùn bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lásìkò ogun. Ara wọn fúyẹ́ débi pé bọ́ǹbù kì í bú bí wọ́n bá gorí rẹ̀. Magawa, ọ̀kan nínú wọn, ṣiṣẹ́ ní Cambodia. Bọ́ǹbù àti ohun abúgbàù mìíràn tó rí lé ní 100. Àjọ PDSA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ní 2020, ó sì kú ní 2022. Ẹ̀dá tó ń jẹ oko run níbì kan ń gba ẹ̀mí là níbòmíràn. Ta ló wá lè pè é ní ẹni ibi?

Nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa òkété, májèlé ló burú jù. Òkété tó jẹ ẹ́ lè jáde kó tó kú. Ajá aládùúgbò lè gbé e jẹ. Ọmọ tó bá rí i lọ́nà oko lè gbé e délé fún ọbẹ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan ló wá ń jìyà. Iná tí wọ́n sọ sí igbó láti fi lé e jáde náà kì í mọ ààlà oko kòkó ẹlòmíràn.

Kí onílé kó ekùrọ́ kúrò nílẹ̀, kó ṣán igbó ẹ̀bá ògiri, kó fi òkúta dí ihò tó bá ti ṣófo. Bí òkété bá ṣì ń wá, kó dẹ tàkúté tó ń pa ẹran lẹ́ẹ̀kan, kó máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, kó má sì fi ohun tó bá mú ṣòfò. Ṣùgbọ́n májèlé, ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dà á sínú ihò.