Ọ̀rọ̀ Lórí Wíwọ̀-Wò àti Yíyàn

Ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ. Nígbà tí àwọn àgbà bá pa òwe yìí, ẹni tó ń lé ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ ni wọ́n sábà máa ń fi í bá wí, pé kí ó padà sí ààyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan fara pamọ́ sínú òwe náà tí a kì í dúró lé lórí. Ta ló kọ́kọ́ so okùn mọ́ adìyẹ lọ́rùn kí a tó mọ̀ pé kò yẹ ẹ́? Àbí ṣe ni ẹnì kan kàn wo adìyẹ, tó wo okùn, tó sì dájọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ojú lásán ni a fi mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ló pinnu ohun tó yẹ adìyẹ, a kò sì fún adìyẹ láyè kó dán an wò. Ẹsẹ̀ ni a sì ń so okùn mọ́ fún un títí di òní. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè bóyá ìyẹn yẹ ẹ́.

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò: ta ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé nǹkan báyìí ni ó yẹ ẹnì kan? Bàtà ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, pàápàá bàtà tí àwọn obìnrin fi ń sáré ìje. Àwọn kan lè rò pé bàtà kéré jù fún irú ọ̀rọ̀ báyìí. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Ohun tó bá ń fara kan ara ènìyàn láti àárọ̀ di alẹ́ kò kéré.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ti inú èdè wọ ọ̀rọ̀ náà. Bí mo bá sọ pé mo wo ọjà, ojú ni mo fi ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi 'wò' sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn nínú ohun tí àwa onímọ̀ gírámà ń pè ní àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, ojú a bọ́ sẹ́yìn, ẹ̀yà ara mìíràn a sì gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. A ń tọ́ ọbẹ̀ wò: ahọ́n ló ń wò. A ń gbé ẹrù wò: apá àti ọrùn ló ń wò. A ń gbọ́ òórùn ẹja wò kí a tó sanwó rẹ̀. A ń wọ ẹ̀wù wò, a ń wọ bàtà wò. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, èdè wa gbà pé ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tirẹ̀ láti ríran, àti pé ohun tí ẹsẹ̀ yóò rí nínú bàtà, ojú kò lè rí i láéláé. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ojú olójú kò jọ ojú ẹni. A lè rán ọmọ lọ ra iyọ̀. A kò lè rán an lọ wọ bàtà wò fún wa.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó yẹ kí a tú palẹ̀ ni 'àṣàyàn'. Ṣíṣà wà nínú rẹ̀, yíyàn náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbé ọ̀kan, ó ń jù ú sílẹ̀, ó ń gbé òmíràn. Ẹni tó yàn ti nàró, ohun tó mú sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yíyàn tí ṣíṣà kò ṣáájú rẹ̀, ìfúnni lásán ni. Àwọn tó ń ta aṣọ àti bàtà òkìríkà ní Yaba mọ èyí ju àwa tó ń kọ́ni ní yunifásítì lọ, nítorí 'bẹ́ńdáùn sẹ̀lẹ́ẹ̀tì' ni àwọn ará Èkó ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ìlú èbúté kan ní Ìpínlẹ̀ Rivers ló fún òkìríkà ní orúkọ; ìbẹ̀rẹ̀ àti ìṣà ló fún un ní orúkọ kejì yìí.

Mo tẹ̀lé ọmọ àbúrò mi obìnrin lọ síbẹ̀ nígbà kan. Ó ń sáré fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì ń wá bàtà. Ọmọkùnrin tó ń tajà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ láti òkèèrè, ó ní, "Mọ́mì, nọ́ńbà 39 ni Àǹtí ń wọ̀. Ti obìnrin nìyí." Bàtà aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú kan ló nà sí i. Ẹsẹ̀ ọmọ náà wọ inú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ rìn ín wò. Ọmọkùnrin náà tẹ́ páálí sílẹ̀ kí abẹ́ bàtà má baà dọ̀tí; páálí náà kò gbà ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Ọmọ náà rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó yí padà, ó tún rin mẹ́ta, ó ní ó ń fún òun níwájú. Ó wọ ti ọkùnrin wò, gìgísẹ̀ rẹ̀ ń yọ jáde. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, ọmọkùnrin náà bínú: "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ wọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù?" N kò lè dá a lẹ́bi pátápátá, àsìkò rẹ̀ ni owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ẹni tó wọ nǹkan wò ti jẹ ẹni tó ń tà á ní gbèsè. Bí wíwọ̀-wò bá ti di gbèsè, kì í ṣe ìdánwò mọ́, ìlérí ni. Keje ni ọmọ náà rà. Ohun tó wà lára ahọ́n bàtà náà ti pa rẹ́ tán, kò sì sí ẹni tó lè sọ nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bóyá ti ọkùnrin ni tàbí ti obìnrin.

Kì í ṣe pé ìyàtọ̀ kò sí. Ẹsẹ̀ obìnrin kì í ṣe ẹsẹ̀ ọkùnrin tí a gé kù. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá tilẹ̀ gùn dọ́gba, gìgísẹ̀ obìnrin sábà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ọkùnrin lọ bí a bá fi wé fífẹ̀ iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, fún ìgbà pípẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n á mú ìwọ̀n ọkùnrin, wọ́n á dín in kù, wọ́n á kùn ún ní àwọ̀ òdòdó. Kì í ṣe bàtà nìkan. Ní àwọn ilẹ̀ tí òjò dídì ti ń bo orí òkè, bí Switzerland àti Norway, àwọn ènìyàn a máa de pákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lọ lórí rẹ̀. Wọ́n ń ṣe ti obìnrin lọ́tọ̀: ó sábà máa ń kúrú, ó rọ̀, ó fúyẹ́, ibi tí a ti ń de bàtà mọ́ ọn sì sún síwájú díẹ̀. Àwọn obìnrin kan wà tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ń wá. Àwọn mìíràn tó lágbára ní ó rọ̀ jù, ó ń gbọ̀n lábẹ́ àwọn bí eré bá ti le, ti ọkùnrin ni wọ́n sì ń gbé. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, àwọn tó ń ṣe pákó náà a máa kó o wá sí orí òkè ní àwọn ọjọ́ kan, kí ẹni tó bá fẹ́ mú èyí, kó fi sọ̀ kalẹ̀, kó dá a padà, kó mú òmíràn. Ẹ fi èyí wé páálí oníṣísẹ̀ mẹ́ta.

Èdè Yorùbá kì í ya akọ àti abo sọ́tọ̀ bí a bá ní 'ó wá', 'ó lọ'. Nítorí náà, bí a bá ti sọ pé 'bàtà obìnrin', a mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ méjì: bàtà tí wọ́n ṣe pé kí obìnrin máa wọ̀, àti bàtà tí obìnrin kan ń wọ̀. Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ló wà lára páálí. Èmi rò pé ìkejì ló yẹ kó borí, ìdí tí mo sì fi rò bẹ́ẹ̀ wà nínú ìtàn eré-ìje fúnra rẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1973, ní Pápá Ìṣeré ńlá tó wà ní Surulere, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún tó ṣáájú, Modupe Oshikoya gba góòlù nínú fífò sókè, fífò jìnnà, àti eré fífo ìdènà oní-mítà-100 níbi Ìdíje Gbogbo Áfíríkà. Eré oní-mítà-100 yẹn ṣì jẹ́ tuntun nígbà náà. Láti ọdún 1932 títí di 1968, mítà 80 péré ni àwọn obìnrin ń sá níbi Ìdíje Òlíḿpíìkì, ìdènà mẹ́jọ ni wọ́n sì ń fò, tí gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 76. Ní Munich ní 1972 ni ó tó di mítà 100, ìdènà mẹ́wàá, tí gíga rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 84. Ta ló yan mítà 80 fún wọn? Kì í ṣe ẹsẹ̀ wọn. Ìyà eré oní-mítà-800 tilẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: obìnrin sá a ní Amsterdam ní 1928, àwọn aláṣẹ ní ó ju agbára wọn lọ, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò títí di 1960. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni okùn ọrùn kò fi yẹ adìyẹ.

Ó wá di ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré kan náà tí Oshikoya sá ní Surulere, ó sì parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Àkọsílẹ̀ Kendra Harrison, 12.20, tó ti wà láti 2016, bọ́ sílẹ̀. Ní àṣekágbá, ó sá a ní 12.06, afẹ́fẹ́ tó ń tì í lẹ́yìn ju ìwọ̀n òfin lọ, nítorí náà wọn kò kà á mọ́ àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n góòlù ni góòlù ń jẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà Adidas tó wọ̀, tí wọ́n ń pè ní Avanti, àwọn tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ṣe é fún. Abẹ́ rẹ̀ rọ̀ ju ti bàtà eré kúkúrú lọ. Òun fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé ìrora àtẹ́lẹsẹ̀ kan yọ òun lẹ́nu ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà náà, pé òun bèèrè bàtà tó rọ̀, pé wọ́n dá àbá fún òun, èyí sì bá ẹsẹ̀ òun mu. Kò sí òfin tí bàtà náà rú. Síbẹ̀, àwọn kan ń kùn pé kì í ṣe bàtà eré yìí. Mo bi ara mi léèrè: ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Páálí ni. Ẹsẹ̀ tó wà nínú bàtà sọ nǹkan mìíràn.

N kò sọ pé ohun tó wà lára páálí kò wúlò o. Ẹ̀rí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, bí ẹni tó kọ ọ́ bá jẹ́ olóòótọ́. Bí olúkúlùkù wa bá ní láti tọ́ gbogbo ewé wò kí ó tó mọ èyí tó jẹ́ májèlé, àwa mélòó ni ì bá ṣẹ́ kù? Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ibi ìbẹ̀rẹ̀ di ẹnubodè ti fi ìmọ̀ ṣe ẹ̀wọ̀n. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ìdánwò ní iye tí à ń tà á. Amusan ní ilé-iṣẹ́ tó lè bi léèrè. Ọmọbìnrin tó ń sáré lẹ́sẹ̀ lásán ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Mushin, tí yóò yá bàtà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ìdíje, kí ni yóò ṣà kí ó tó yàn? A máa ń yin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ó ní ìfaradà. Mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ fún un ní bàtà méjì.

Ẹnì kan lè já mi nírọ́ pé Yorùbá kì í dán ohun gbogbo wò, pé ohun tó tóbi jù láyé, orí, ìdánwò kò sí nínú yíyàn rẹ̀. Nínú ìtàn Ifá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ sílẹ̀, Orísẹ̀ẹ́kú àti Orílèémèrè fi ojú yan orí tó dára nílé Àjàlá. Òjò bá wọn lọ́nà, orí sì bàjẹ́. Afùwàpẹ́, ọmọ Ọ̀rúnmìlà, kò fi ojú tirẹ̀ nìkan yàn. Àjàlá fúnra rẹ̀ ló bá a ṣa èyí tó le. Èmi kò rí i pé ìtàn yìí kọ ìdánwò. Òjò ló bá àwọn méjì yẹn wọ orí wọn wò, nígbà tí ọ̀nà àtipadà kò sí mọ́.

Ibì kan wà tí mo gbà pé ìdánwò kò ní àyè. Ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń wọ̀ wò. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi ń ṣe ìwádìí ìdílé kí ìgbéyàwó tó wáyé, tí alárinà fi ń lọ tó ń bọ̀: wọ́n ń bèèrè ni, wọn kì í fọwọ́ kàn án wò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, àwọn ọ̀dọ́bìnrin wọ́de lọ sí ọjà Yaba nítorí pé àwọn ọkùnrin kan níbẹ̀ a máa fa obìnrin tó bá ń kọjá lọ́wọ́, wọ́n a máa fọwọ́ kàn án lára, wọ́n a sì máa bú u bí kò bá dá wọn lóhùn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti dojú rú: obìnrin tó wá wọ bàtà wò di ẹni tí wọ́n ń fọwọ́ kàn wò. Ẹni tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ kò lè ráyè ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tó bá sún mọ́ ọn jù ni yóò mú, yóò sanwó, yóò sì yára kúrò níbẹ̀.

Àwọn aránbàtà kan ṣì wà ní Mushin tí kì í bèèrè nọ́ńbà. Wọ́n á ní kí ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé orí páálí, wọ́n á sì fi bírò yí i ká, ẹsẹ̀ ọ̀tún kí wọ́n tó ṣe ti òsì, nítorí wọ́n mọ̀ pé méjèèjì kì í sábà dọ́gba. Wọn kò kọ ọkùnrin tàbí obìnrin sí i. Wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó ni ẹsẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ padà wá ní ọjọ́ Sátidé wá wọ̀ ọ́ wò, ìdajì owó ni wọ́n sì máa ń gbà kí ọjọ́ náà tó pé.