Ẹ̀bùn Tí Ọlọ́hun Fi Sí Ọmọ Lọ́wọ́: Ta Ni Ó Ni Ín?

 

Ẹ̀yin ìjọ Mùsùlùmí, bí ìdánwò àwọn ọmọ wa tó wà ní JSS 3 bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dé bá mi nílé. Òbí á mú ọmọ wá, á ní, "Àáfà, ẹ bá wa fi àdúà sí i kí ọmọ yìí lè wọ ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì." Mo máa ń ṣe àdúà náà. Ohun tí n kì í ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí n kọjú sí ọmọ, kí n bi í ní ohun tí òun gan-an fẹ́. N óò sọ ìdí tí mo fi ń bèèrè nísinsìnyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú wà níbẹ̀ fún mi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bíríkìlà kan nínú ìjọ wa mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ náà ti ń bá bàbá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ nígbà ìsinmi. Ó lè fi pẹ́ńsù ya ilé sórí bébà, kí ènìyàn sì mọ ibi tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé yóò wà. Ó fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, èyí tí a ń pè ní tẹ́kíníkà kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ó lọ kọ́ nípa ilé kíkọ́. Bàbá rẹ̀ kọ̀. Ó ní, "Àáfà, èmi ni mo ru kọnkéré kí òun má bàa ru ú." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo sọ fún ọmọ náà pé kí ó gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu, nítorí ìtẹ̀lé òbí jẹ́ ọ̀nà àlùjánnà. Kí n má purọ́, nǹkan mìíràn tún wà lọ́kàn mi: ó wù mí kí mọ́sálásí wa ní lọ́yà. Ọmọ náà gbọ́ràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti ṣe ìdánwò JAMB, kò rí ẹ̀kọ́ òfin wọ̀. Títí di òní, bí mo bá ń bọ̀ wá kírun Àlàásárì, mo máa ń rí i níwájú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, yóò sì dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni ó ń dùn mí jù.

N kò dá bàbá rẹ̀ lẹ́bi. Ẹni tí oòrùn pa lórí àjà ilé onílé fún ọgbọ̀n ọdún, ìfẹ́ ni ó mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Kì í ṣe bíríkì ni bàbá yìí kórìíra. Owó iṣẹ́ tí wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè ni ó kórìíra, àti ìyàwó onílé tó ní kí ó dúró sẹ́yìn ilé kí ó má fi ẹsẹ̀ ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ìyà wọ̀nyẹn kò ti inú iṣẹ́ wá. Àwa ènìyàn ni a gbé wọn kọ́ iṣẹ́ náà lọ́rùn, àwa kan náà ni a sì tún wá ń sọ fún ọmọ pé kí ó sá fún un. Ànábì wa kọ́ wa pé kí á san owó òṣìṣẹ́ kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ. Bí a bá ń ṣe èyí, bóyá bàbá náà kì bá tí ní ohun tí yóò máa sá fún.

Ẹ wo àwọn tí Ọlọ́hun ṣẹ̀ṣà. Ànábì Nuhu ṣe iṣẹ́ igi títí ó fi kan ọkọ̀, àwọn aráyé ń kọjá, wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ànábì Zakariya jẹ́ káfíńtà. Ànábì Dáwúdà jẹ́ ọba, síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń jẹ. Nínú Súrà Saba'i ni a ti rí i pé Ọlọ́hun rọ irin fún un kí ó fi rọ ẹ̀wù ogun, Ó sì pa á láṣẹ pé kí ó wọn àwọn òrùka rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ẹ dúró díẹ̀ níbi wíwọ̀n yẹn. Ọlọ́hun tí Ó fi ìwé Sàbúrà ránṣẹ́ sí i náà ni Ó ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n irin. Bí òrùka bá fẹ̀ jù, ọfà yóò gba ibẹ̀ wọlé pa ẹni tó wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ tí a kò fi ìmọ̀ ṣe, ẹ̀mí ènìyàn ni ó ń bá a lọ.

Nítorí náà ni mo fi ń bínú sí àṣà tí àwa òbí dá sílẹ̀, pé ọmọ tí kò mọ̀wé tàbí tí ó ya olórí kunkun ni a ń mú lọ sí tẹ́kíníkà, bí ẹni pé wáyà iná kò nílò ọpọlọ. Wáyà tí ó tín-ín-rín ju iná tí yóò gbà á kọjá lọ lè jó ilé mọ́ onílé lórí. Kọnkéré tí a ní kí á po ní ìdá kan sìmẹ́ńtì sí ìdá méjì iyanrìn àti ìdá mẹ́rin òkúta, bí ẹni tó ń pò ó bá fi ojú bù ú lásán, ilé yóò fi hàn án lọ́jọ́ kan. Ìṣirò, físíìsì àti ìmọ̀ yíya àwòrán wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ó fi yàtọ̀ sí kí ọmọ kàn máa wo ọ̀gá lójú títí yóò fi gba fúrídọ̀ọ̀mù.

Àwọn onímímọ̀ ẹ̀sìn wa ní irú ọ̀ranyàn kan tí wọ́n ń pè ní fardu kifáyà. Bí àwọn kan bá ṣe é, ó ti bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é, gbogbo ìlú ni ó jẹ̀bi. A mọ̀ ọ́n nínú wíwẹ òkú àti kíkírun sí i lára. Ìmáàmù Ghazali, tí ó kú ní 1111, sọ nínú ìwé Ihyá rẹ̀ pé iṣẹ́ àgbẹ̀, aṣọ híhun àti aṣọ rírán wà nínú rẹ̀. Ó tún kédàárò lórí àwọn ìlú tí kò ti sí Mùsùlùmí kan tó jẹ́ oníṣègùn, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tì ara wọn lulẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ òfin àti àríyànjiyàn. Mo ka ibẹ̀ nígbà tí mo wà nílé-kéwú, mo sì rò pé ìtàn àwọn ará àtijọ́ ni. Àfìgbà tí iná mọ́sálásí wa jó wáyà lóru Ramadan, tí a wà lórí ìrun àṣámù. A ki ìyókù ìrun nínú òkùnkùn. Àwọn tó gboyè yunifásítì pọ̀ nínú wa lóru ọjọ́ náà, àmọ́ ọjọ́ kejì kí ilẹ̀ tó ṣú ni a tó rí ẹni tí yóò bá wa tún un ṣe. Èmi tí mo lé ọmọ kan kúrò nídìí iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú àwọn tó ń kùn.

Ìbéèrè kan kù tí n kò lè fojú fò. Ṣé ó tọ́ kí á ti ojú ọ̀nà kan mọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá? Kò tọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà náà kò tì. NABTEB, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìlú Bìní, ni ó ń ṣe ìdánwò fún àwọn tẹ́kíníkà wa. Kí ó tó dé, City and Guilds ti Lọ́ńdọ̀nù ni, lẹ́yìn náà WAEC. Ọmọ tó bá yege dáadáa nínú ìdánwò yìí lè fi ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wọ pọlitẹ́níìkì tàbí yunifásítì. Ẹni tó ti ojú ọ̀nà pa ni òbí tó pinnu láìbi ọmọ léèrè. Ọmọ kì í ṣe ohun ìní wa; àfisọ́wọ́ Ọlọ́hun ni, ohun tí Ó fi sí i lára sì wà nínú ohun tí Yóò bi wá léèrè. Èyí kan àwọn ọmọbìnrin wa bákan náà.

Òtítọ́ kan tún wà tí ẹ óò fi dá mi lóhùn, pé ọ̀pọ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yìí kò ní irinṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2011, ìlànà ẹ̀kọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà kọ̀ọ̀kan mú iṣẹ́ kan nínú 34, ṣùgbọ́n ọmọ kan fi ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ jíjó irin hàn mí, kò sì tíì fojú rí iná tí wọ́n fi ń jó irin rí. Ìjọba jẹ̀bi. Àwa náà, ìgbà méjì ni a ti pààrọ̀ táìlì mọ́sálásí yìí. Ẹ̀rọ kan tí a bá fi tọrẹ fún iyàrá iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, tí àwọn ọmọ ń lò láti ọdún dé ọdún, sàdákà járíyà ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá bíríkìlà náà nílé. Mo sọ fún un pé mo ṣì í lọ́nà, mo sì tọrọ àforíjì. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Àáfà, ẹ bá a sọ ọ́ fúnra yín, torí ẹnu yín ni ó ti gbọ́ ti àkọ́kọ́." Lẹ́yìn ìrun òní ni mo fẹ́ lọ. Ẹ bá mi fi àdúà sí i.